Ẹgbẹ̀sán Lítà Omi

Iye kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìwé náà fún ọjọ́ méjìdínlógún: 7,200 lítà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7,200 ní Ọjọ́rú, 7,200 ní Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, ètò kọ̀ǹpútà tí ó ṣe ìṣirò náà kọ bí àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó. Ìgbà méjìdínlógún ni ó kọ òdo.

Ràṣídátù Ògúnsànyà kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì tún kà á padà sókè. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá nínú iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìmọ̀ ìṣirò ni ó kọ́ ní yunifásítì. Kò tíì rí ohun tí wọ́n wọ̀n fún ọjọ́ méjìdínlógún tí àṣìṣe kò sí nínú rẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, ta ni ó fún ọ ní ìwé yìí?"

"Dókítà Abdulrauf ni, Ọ̀gá. Ẹ̀rí wa nìyẹn. Ẹ kàn fọwọ́ sí i, kí a gbé ọkùnrin náà lọ."

"Ìwọ náà ti kà á?"

"Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀? Kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ta ni yóò gbè lẹ́yìn?"

Sájẹ́ǹtì Sódìq kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ni ó mú afurasí náà ní ọjọ́ Sátidé, òun ni ó sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Dókítà Abdulrauf ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road tí ẹ̀rọ ibẹ̀ ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Omi púpọ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ní aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú, omi tán nínú táǹkì nígbà tí ènìyàn mẹ́rin wà lórí ẹ̀rọ. Wọ́n tètè tú mẹ́ta sílẹ̀. Ẹnìkẹrin, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Ramlah, dákú, ó sì sùn ọjọ́ méjì ní ilé ìwòsàn mìíràn.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, 8,200 lítà ni wọ́n pọn sínú táǹkì. Dókítà ni ó pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà. Ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ń gba ìròyìn láti ojú mítà tó wà lórí páìpù táǹkì, ní 7,200 ni ilé ìwòsàn ń lò lójúmọ́. Ó fi ẹgbẹ̀rún kan lé e. Kò rí ìdí tí jẹnẹrétọ̀ yóò fi máa jó dísù láti pọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lítà mẹ́wàá ni ẹ̀rọ ń gbà ní ìṣẹ́jú kan. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí omi fi tán, 6,400 ni ó yẹ kí ó ti jáde.

"Ẹgbẹ̀sán lítà ni a ń wá," ni Sódìq wí. "Kò lè dá rìn lọ síbì kankan. Gàfárù Akínsànyà nìkan ni ó ń bójú tó táǹkì yẹn. Aago mẹ́sàn-án ọ̀la ni ilé ẹjọ́."

Ẹ̀sùn méjì ni ó wà lọ́rùn Gàfárù: olè jíjà, àti fífi ẹ̀mí ènìyàn wewu. Bí Ràṣídátù bá fọwọ́ sí ìwé náà, ó di ẹlẹ́wọ̀n. Ràṣídátù kò fọwọ́ sí i.

*

Gàfárù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà nídìí táǹkì mi?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa títí a ó fi parí ìwádìí."

"Àwọn aláìsàn ńkọ́?"

"Wọ́n pín wọn sí ibòmíràn. Bàbá, ìwé kékeré kan wà nínú àpò yín nígbà tí wọ́n mú yín."

"Ìwé táǹkì ni. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ti ọ̀pá bọ inú táǹkì, mo sì máa ń kọ ohun tí ọ̀pá bá sọ."

Ràṣídátù ṣí ìwé náà. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá: àárọ̀, 8,200, ìrọ̀lẹ́, 400. Ọ̀pá sọ pé 7,800 jáde. Ètò kọ̀ǹpútà sọ pé 7,200. Ó ṣe ìyọkúrò náà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyàtọ̀ jẹ́ 600. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ó jẹ́ 1,800. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; ti Jímọ̀ tó kọjá, 6,400 ni ó fi ṣe é, títí omi fi tán.

"Ẹ fi èyí han dókítà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà mọ̀ ju igi lọ."

Sódìq sún mọ́ wọn. "Bàbá, ní ọjọ́ Jímọ̀, dókítà máa ń tètè lọ kírun ní Bódìjà, ní mọ́ṣáláṣí bàbá wọn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni omi tó ń sọnù máa ń di ìlọ́po mẹ́ta. Ṣé omi mọ̀ pé ọ̀gá kò sí nílé ni?"

"Bi omi léèrè, ọmọ mi."

"Èmi ni ẹ ń bá ṣeré?"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ ṣeré."

Ràṣídátù gbé ọwọ́ sókè. "Bàbá, ẹnu ẹ̀rọ mélòó ni ó wà lórí páìpù tó ti inú táǹkì jáde?"

Títí di ìgbà yìí, ọkùnrin náà kò tíì ronú kí ó tó dáhùn. Ó ronú báyìí.

"Èyí tí dókítà mọ̀ jẹ́ mẹ́jọ."

"Gbogbo omi ni ó ń gba ojú mítà kí ó tó dé ibikíbi?"

"Gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀kán kan tí kì í gba ojú mítà. Mo lè fi Àlùkùránì búra lé ìyẹn lórí."

Ràṣídátù kọ gbólóhùn méjèèjì sílẹ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ èkíní.

Ní ìta, Sódìq mi orí. "Ó ń fọ́nnu."

"Olè wo ni ó máa ń kọ iye tí ó jí sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó tún ń gbé e lọ fún ẹni tí ó jà lólè?"

"Olè tó gbọ́n, Ọ̀gá."

"Èyí tó gbọ́n kì í fi ìwé náà sápò kí ọlọ́pàá bá a níbẹ̀. Kí ni ẹ̀rí wa kejì?"

*

Ẹ̀rí kejì wà ní Ṣàngó. Àwọn aládùúgbò ilé ìwòsàn náà rí táńkà omi kan lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mùstàfá, àbúrò Gàfárù, ni ó ń wa táńkà náà. Wọ́n bá a níbi tí ó ti ń nu dígí iwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Mùstàfá?"

"Bí mo bá ní èmi ni, ṣé ẹ ó mú èmi náà ni?"

"Ó kù sí ohun tí ẹ bá sọ. Kí ni ẹ gbé lọ sí Ring Road?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ sílé."

"Lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbàgbé. Àgbàlagbà ni wọ́n."

Ràṣídátù wo táńkà náà. "Lítà mélòó ni ó ń gbà?"

"Ẹgbàárùn-ún."

"Tí mo bá ní kí ẹ wá gbé ẹgbẹ̀ta lítà ní Ring Road, ẹ ó wá?"

Mùstàfá dúró, ó wò ó dáadáa, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ̀ta? Màdáámù, kò ní bo ìsàlẹ̀ táńkà. Dísù tí màá jó lọ jó bọ̀ tóbi jù ú lọ. Àti pé kí ni mo fẹ́ fi omi yín ṣe? Kànga ẹ̀rọ tèmi nìyẹn lẹ́yìn yín."

Kànga náà wà lẹ́yìn wọn lóòótọ́. Wọ́n padà sínú ọkọ̀.

"Omi ń sọnù lójoojúmọ́," ni Ràṣídátù wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yìí wá. A lè yọ ọ́ kúrò."

"Tí páìpù bá ń jò lábẹ́ ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ìbéèrè tó dára. Wá, kí a lọ bi táǹkì."

*

Dókítà Abdulrauf fúnra rẹ̀ ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn dáadáa láti ọjọ́ Jímọ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni mo ti fáàfù táǹkì pa," ni ó wí. "Lẹ́yìn tí omi tán, Gàfárù tan jẹnẹrétọ̀, ó sì pọn omi mìíràn. Omi padà dé ní aago márùn-ún, ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́fà kọjá. 2,000 lítà ni ó kù nígbà tí mo tì í."

Ràṣídátù ti ọ̀pá bọ inú táǹkì. 2,000. Láti ọjọ́ Jímọ̀ sí ọjọ́ Ajé, táǹkì kò jò.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí Sódìq gbé kẹ́ẹ̀gì ogún lítà kan wá sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ inú ilé. Wọ́n ṣí fáàfù, wọ́n fa omi kún kẹ́ẹ̀gì náà nígbà mẹ́wàá, wọ́n sì ń dà á sínú àgbá. Ràṣídátù ń kọ ohun tí mítà fi hàn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣà wọ́n jọ: 200. Mítà kò fi lítà kan kún un, kò sì yọ lítà kan kúrò. Wọ́n tún ti fáàfù pa.

"Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni a ní, Dókítà," ni ó wí. "Táǹkì, mítà, àti ètò tí ń ṣírò ohun tí mítà kà. Táǹkì ń sọ òótọ́. Mítà ń sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò sì bá ti ẹnìkẹta mu."

"Ẹ fẹ́ sọ pé kọ̀ǹpútà kò mọ ìṣirò?"

"N kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ní kí a mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan. Ẹ ti bi ẹlẹ́rìí náà ní ìbéèrè rí?"

Dókítà kọ àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣe ètò náà sórí ìwé, ó sì nà án sí i.

*

Olúwafikúnayọ̀mi ní yàrá iṣẹ́ kékeré kan ní Bódìjà, lókè ilé oògùn kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ara rẹ̀ sì yá láti dáhùn.

"Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ṣe é ni mo gbà, mà. Kò lè ṣe àṣìṣe."

"Ṣàlàyé rẹ̀ fún sájẹ́ǹtì."

"Mítà kì í ka iye omi, sà. Ó ń sọ bí omi ṣe ń yára sí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ya ìyára yẹn bí ìlà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, iye omi ni gbogbo ààyè tó wà lábẹ́ ìlà náà. Ètò mi ló ń ṣírò ààyè yẹn."

"Ìṣẹ́jú mélòó ni ó wà láti mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́?" ni Ràṣídátù bi í.

"720, mà. Mítà ń fi gbogbo wọn ránṣẹ́."

"Mélòó nínú wọn ni ètò rẹ ń wò?"

Ọmọbìnrin náà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ó sinmi lórí bí ìlà bá ṣe rí. Níbi tí ìlà bá ti ń yí, ó máa ń wò púpọ̀. Níbi tí kò bá yí, ó máa ń wò díẹ̀, kí iṣẹ́ lè yá."

"N kò bi ọ́ ní ìdí. Mélòó?"

"N kò mọ̀, mà."

"Ṣé a lè bi í?"

Olúwafikúnayọ̀mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Ó fi ìlà kan kún ètò náà, kí ó máa ka iye ìgbà tí ó bá wò. Ó fún un ní àkọsílẹ̀ Ọjọ́bọ̀. Ìdáhùn dé kíá: 7,200; àṣìṣe, òdo; iye ìgbà tí ó wò, márùn-ún.

"Márùn-ún," ni Sódìq tún un sọ.

"Aago wo àti aago wo?" ni Ràṣídátù bi í.

Ọmọbìnrin náà wò ó. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mẹ́fà. Mẹ́sàn-án. Méjìlá. Mẹ́ta. Mẹ́fà."

"Kí ni ó rí?"

"Lítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, níbi márààrún." Ó fi ọwọ́ nu iwájú orí. "Ó kọ́kọ́ wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, ó sì fi ṣírò. Lẹ́yìn náà, ó wo méjì sí i láàárín wọn, ó sì tún un ṣírò. Ìdáhùn méjèèjì bára mu. Tí wọ́n bá bára mu, ó gbà pé kò sí nǹkan mìíràn láti wò."

"Ìyàtọ̀ àárín ìdáhùn méjèèjì ni ó sì ń kọ sílẹ̀ bí àṣìṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Sódìq tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ẹ dúró ná. Ọlọ́dẹ kan la ojú lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí méjìlá, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni ẹ fún mi kí n fi mú àgbàlagbà?"

"A kò tíì mọ̀ bóyá ohunkóhun ṣẹlẹ̀," ni Ràṣídátù wí. "Ẹ jẹ́ kí a dán ọlọ́dẹ náà wò. Olúwafikúnayọ̀mi, ṣẹ̀dá ọjọ́ kan tí kò sí rí. Kí omi má ṣàn rárá láti àárọ̀. Ní aago kan ọ̀sán, kí lítà mẹ́wàá máa jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ní aago méjì, kí ó dúró. Ẹgbẹ̀ta lítà ni, a ti mọ ìdáhùn kí a tó bi í."

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn: òdo. Àṣìṣe: òdo. Iye ìgbà tí ó wò: márùn-ún.

Sódìq ń fi ìka ṣírò. "Ọgbọ̀n kẹ́ẹ̀gì omi. Ó ní kò sí."

"Mo dán an wò kí n tó gbé e fún wọn, mà," ni Olúwafikúnayọ̀mi wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mo dán an wò."

"Irú ọjọ́ wo ni o fi dán an wò?"

"Ọjọ́ tí omi ń ṣàn déédéé. Àti ọjọ́ tí ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀."

"Ohun tí ó mọ̀ ni o bi í. Ní báyìí, má ṣe jẹ́ kí ó yan ibi tí yóò wò. Kí ó wo gbogbo ìṣẹ́jú 720, kí ó sì ṣà wọ́n jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n dúró. Ọjọ́rú: 7,800. Ọjọ́bọ̀: 7,800. Jímọ̀ méjì àkọ́kọ́: 9,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jímọ̀ tó kọjá, títí di aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú: 8,200. Ràṣídátù ṣí ìwé kékeré Gàfárù sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n kà wọ́n pọ̀, ọjọ́ méjìdínlógún. Kò sí ibi tí ọ̀pá àti mítà ti yapa.

"Ọ̀pá àgbàlagbà yẹn tọ̀nà," ni Sódìq wí jẹ́jẹ́.

"Ní ọjọ́ Jímọ̀ pàápàá, aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá ni omi tán, aago márùn-ún ni ó padà dé. Ètò wo aago mẹ́ta, ó wo aago mẹ́fà. Ilé ń jó láàárín méjèèjì, kò rí i."

Ṣùgbọ́n Sódìq ti di ọlọ́pàá padà. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. A mọ̀ pé omi gba ojú mítà kọjá. Ta ni ó wá lò ó? Dókítà yóò ní Gàfárù tú u jáde láti inú ilé."

"Òótọ́ ni. Olúwafikúnayọ̀mi, ya ìlà náà fún wa."

Ìlà Ọjọ́bọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti àárọ̀. Ó ga láti aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí aago méjì ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tẹ́ padà. Ó tún ga láti aago mẹ́rin sí mẹ́rin ààbọ̀. Bákan náà ni Ọjọ́rú rí, bákan náà ni ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Jímọ̀, gíga àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kí aago kan tó lù, omi tó sì jáde níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti ọjọ́ yòókù. Gíga kejì kò yí.

Ràṣídátù wò ó pẹ́. "Sájẹ́ǹtì, aago mélòó ni o kírun Àìlà ọ̀sán lánàá?"

"Bíi aago kan ààbọ̀, Ọ̀gá." Sódìq yí ojú sí ìlà náà. Ó dìde dúró. "Subuhánálọ́ọ̀hì."

"A kò tíì mọ̀," ni Ràṣídátù wí. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó ni."

*

Ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n dúró sídìí mítà ní Ring Road. Ẹ̀rọ kankan kò ṣiṣẹ́ nínú ilé. Sódìq ti yẹ gbogbo ẹnu ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò, ó sì ti tì wọ́n. Ràṣídátù ní kí dókítà ṣí fáàfù táǹkì.

Mítà fi òdo hàn.

"Kí ni a ń dúró dè?" ni dókítà bi í.

"Ẹlẹ́rìí."

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje, mítà fi mẹ́ta hàn. Lẹ́yìn náà, méje. Lẹ́yìn náà, méjìlá. Dókítà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣí nǹkan kan nínú ilé.

"Ẹ tì í pa."

Dókítà tì í. Mítà padà sí òdo. Fún ìṣẹ́jú kan, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan dìde láti ẹ̀yìn ògiri:

"Áà! Omi tún ti lọ! Ẹsẹ̀ kan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀!"

Ohùn mìíràn dá a lóhùn: "Fi yẹ̀pẹ̀ ṣe tàyámọ́mù sí èkejì!"

Ẹ̀rín sọ. Sódìq pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ó sì yára bo ẹnu.

Mọ́ṣáláṣí ni ó wà lẹ́yìn ògiri. Dókítà ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ra ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò wọ inú rẹ̀ rí. Ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fà tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, páìpù wọn sì ṣì ń dán. Àwọn mẹkáníìkì àti àwọn ọlọ́jà kúnlẹ̀ sídìí wọn láti ṣe àlùwàlá, ọṣẹ àti gírísì lọ́wọ́. Páìpù náà gba ìsàlẹ̀ ògiri wọlé sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Mujeeb, ládàánì ibẹ̀, wá pàdé wọn. "Ẹ̀rọ kànga tiwa bàjẹ́, ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan ni ó ṣe èyí fún wa."

"Ta ni?"

"Ẹni náà ní kí a má dárúkọ òun. A ti ṣèlérí."

"Ọkùnrin kan wà ní àtìmọ́lé lórí omi yìí," ni Ràṣídátù wí. "Àárọ̀ ọ̀la ni ilé ẹjọ́."

Mujeeb wo ilẹ̀, ó sì wo ojú dókítà. "Dókítà, ẹ lọ kí ìyá yín."

*

Alhaja Àbẹ̀ḿbí ń gbé ní Challenge. Ó ń ka tẹ̀súbáà nígbà tí wọ́n wọlé. Ó parí rẹ̀ kí ó tó dá wọn lóhùn nípa páìpù náà.

"Èmi ni. Púlọ́ńbà kan láti Àpáta, Luke, ni mo bẹ̀ níṣẹ́. Àwọn tó ń kírun ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní alẹ́ lè gbé bùtà wá láti ilé. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án kò ní ibi tí wọn yóò ti rí omi."

"Màámi, ẹ ò sọ fún mi!"

"Sàráà ni. Èyí tí a bá ṣe níkọ̀kọ̀ ni ó ní láádá jù. Tí mo bá sọ fún ọ, ìwọ yóò sọ fún ìyàwó rẹ, ìyàwó rẹ yóò sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ló wá kù nínú rẹ̀ fún mi?"

"Gàfárù ńkọ́? Ẹ gbọ́ pé wọ́n mú un!"

Ọwọ́ Alhaja dúró lórí tẹ̀súbáà. "Mo gbọ́ pé ó jí omi. N kò mọ̀ pé omi tèmi ni. Abdulrauf, ìwọ ni ó sọ fún mi pé ẹ̀rọ yẹn ń ka gbogbo ẹ̀kán. Mo rò pé ó ti ka tèmi mọ́ ọn, pé ohun tí ẹ ń wá jẹ́ òmíràn."

"Gàfárù mọ̀ nípa páìpù náà, Màmá?" ni Ràṣídátù bi í.

"Òun ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún Luke. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má sọ. Ó ní ó di àmáánà."

Ràṣídátù ronú lórí ọkùnrin tó ní 'èyí tí dókítà mọ̀ jẹ́ mẹ́jọ'. Kò purọ́. Kò sì da àmáánà. Ó mọ̀ pé gbogbo omi gba ojú mítà kọjá, nítorí náà òun pẹ̀lú gbà pé ètò ti kà á. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n gbọ́kàn lé ìṣirò kan náà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wo inú rẹ̀.

"Màmá, a nílò kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní àgọ́."

Alhaja dìde. Ó gbé ìborùn rẹ̀. "Abdulrauf, lọ tan ọkọ̀. Sàráà mi kò gbọdọ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sẹ́wọ̀n."

*

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Sódìq ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé. "Bàbá, ẹ máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé wa. Ẹ má bínú sí mi."

Gàfárù kò dìde. "Ibo?"

"Ilé. Ẹ ti di òmìnira. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni a ó gbà, kí àwọn ènìyàn má baà máa wò yín."

"Ọ̀sán gangan ni ẹ mú mi, ọmọ mi. Iwájú àwọn nọ́ọ̀sì ni, iwájú àwọn aláìsàn tó bẹ̀rù pé mo fẹ́ pa wọ́n. Ẹ kò gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Tí mo bá fi ìrọ̀lẹ́ yọ́ lọ sílé, wọn yóò ní wọ́n dá mi sílẹ̀ nítorí àánú ni." Ó sún fìlà rẹ̀ mọ́ra. "Ẹni tó ní kí ẹ mú mi ni yóò mú mi padà. Lọ́sàn-án."

Sódìq yíjú sí Ràṣídátù. "Ọ̀gá, kí ni kí n ṣe? Ẹni tí a dá sílẹ̀ kọ̀ láti lọ."

"Ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu," ni Ràṣídátù wí. "Ra oúnjẹ fún un. Owó rẹ ni kí o fi rà á."

Ní ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Dókítà Abdulrauf wọ àgọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì. Gàfárù jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ní kí ó dìde.

Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé ìwòsàn. Àwọn aláìsàn ti padà, wọ́n jókòó kún yàrá, wọ́n ń retí ẹ̀rọ. Dókítà dúró sáàárín wọn. Ó sọ pé òun fi ẹ̀sùn olè kan ènìyàn tí kò jalè. Ó sọ pé ìṣirò tí òun gbára lé ni ó kùnà, pé ìwé ọkùnrin yìí tọ̀nà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, pé ó fi hàn òun lẹ́ẹ̀mejì, òun kò sì wò ó. Kò dárúkọ ìyá rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá náà ni ó gbọ́.

Ramlah, olùkọ́ tó dákú lọ́jọ́ Jímọ̀, jókòó sítòsí fèrèsé, báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti ń pè é sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò dìde. Gàfárù ni ó tẹjú mọ́.

"Bàbá," ni ó wí, "ṣé omi wà?"

Dókítà la ẹnu láti dáhùn. Ramlah kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná," ni Gàfárù wí, ó sì jáde lọ sídìí táǹkì.

Ramlah jókòó títí ó fi padà dé.